Pẹ̀lú dúdú nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ìgbèjà wo ló bá irú eré tí mò ń ta mu?

Òṣómàáló64 (Iléṣà) | Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè o.

Iléṣà ni mo ń gbé, lápá Ìjọ̀fì, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, mo máa ń wọkọ̀ wá sí Ifẹ̀ láti bá àwọn ará Lágéré ta ṣẹ́ẹ̀sì. Funfun kì í yọ mí lẹ́nu. Dúdú ni wàhálà mi. Bí ẹnìkejì bá ti ti páùn dé e4 (lẹ́tà àti nọ́ńbà la fi ń pe ojúlé kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n), e5 ni mo máa fi ń dá a lóhùn, torí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn. Kí n tó mira, bíṣọ́ọ̀bù ti dé c4, ẹṣin ti fò dé g5, páùn f7 mi, tí ọba nìkan ń ṣọ́, ti ń jóná. Àwọn ọmọdé ló ń fi èyí nà mí o, àwọn tó ń wo YouTube mọ́jú.

Irú eré tí mò ń ta rèé: mi ò fẹ́ràn rògbòdìyàn. Tí kúìnì méjèèjì bá ti kúrò lórí ọpọ́n, ọkàn mi á balẹ̀. Tí mo bá fi páùn kan ṣoṣo jù ọ́ lọ, mo lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àbúrò mi kan ní Sicilian (kí n fi c5 dá e4 lóhùn) ni kí n lọ kọ́, pé òun làwọn àgbà ń ta. Ẹnìkan ní Caro-Kann (c6). Ẹlòmíràn ní French (e6). Ìdíje kan ń bọ̀ ní Òṣogbo, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n máa fún olúkúlùkù. Mi ò ráyè kọ́ mẹ́ta. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, èwo ni kí n mú?

Lágéré_Najdorf | Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Sicilian. Kí ló tún kù?

Òun ni Kasparov fi gba adé àgbáyé lọ́wọ́ Karpov lọ́dún 1985. Eré 24, èyí tó kẹ́yìn, dúdú ló mú, c5 ló fi dá e4 lóhùn, ó sì borí. Fischer tó gba adé ṣáájú wọn ńkọ́? Najdorf ni, ẹ̀ka kan nínú Sicilian. Tó o bá ti c5, páùn c rẹ máa ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú páùn d tirẹ̀, ojú ọ̀nà c á ṣí fún rúùkù rẹ, páùn àárín méjì á ṣẹ́ kù fún ọ, ọ̀kan péré ni tirẹ̀. O ò tíì ṣe nǹkan kan, o ti ní nǹkan lọ́wọ́.

Mi ò ta ohun mìíràn láti ìgbà tí mo ti wà ní OAU, mi ò sì ní í ta ohun mìíràn.

Angola_Blitz | Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Najdorf, ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rògbòdìyàn, ẹ sì ń gbé rògbòdìyàn fún wọn pẹ̀lú ìdérí 😂

TísàFẹ̀yìntì (Ẹnuwá) | Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Òṣómàáló, kú àbọ̀ síbí. Kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ ìgbèjà kankan, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan: àwọn eré tó o fi dúdú pàdánù, ṣé wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ? Tó bá jẹ́ orí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì yẹn, lo ti ta wọ́n, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má wo ibi tó o ti kú o. Wo ibi tó o ti kọ́kọ́ jókòó tí o ò mọ ohun tó yẹ kó o ta mọ́.

Tó bá jẹ́ pé kó o tó fi ọba pamọ́ ni, ìmọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó, ojú ìwé kan ṣoṣo lè wo ìyẹn sàn, o ò sì nílò ìgbèjà tuntun rárá. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ẹrù ti jáde ni, á jẹ́ pé bí páùn ṣe tò ni ò bá ọ lára mu. Ìgbà yẹn ni ìgbèjà mìíràn wúlò, torí ìgbèjà tó o bá mú ló máa sọ bí páùn á ṣe tò, páùn ló sì máa sọ ibi tí ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù rẹ máa gbà. Tó bá sì jẹ́ ìparí eré lo ti ń ṣubú, fi ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, lọ kọ́ rúùkù àti páùn.

Mo ń sọ eléyìí torí mo ti gbọ́ ọ títí: “onísùúrù ni mí, Caro-Kann ni tèmi, oníjàgídíjàgan ni mí, Sicilian ni tèmi.” Ìwà tá a ń hù láàárín àdúgbò kọ́ la máa ń kó wá sídìí ọpọ́n. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Mọdákẹ́kẹ́ tí kì í gbóhùn sókè sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Tó bá ti jókòó báyìí, ẹṣin tó máa fi rúbọ ló ń wá.

Àwọn tí ẹ ń fi ṣe àpẹẹrẹ gan-an, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Botvinnik tó gba adé àgbáyé ta French, ó ta Caro-Kann. Lọ́dún 1958 tó fẹ́ gba adé rẹ̀ padà lọ́wọ́ Smyslov, Caro-Kann ló gbé yọ sí i, ó sì gba adé ọ̀hún. Lọ́dún 1960, ó gbé French pàdé Tal nínú eré àkọ́kọ́, Tal fọ́ ọ. Ẹni kan náà ni o, ìwà rẹ̀ ò yí padà láàárín ọdún méjì. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ló yí padà.

Òṣómàáló64 | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo yẹ̀ wọ́n wò kí n tó sùn. Oríṣi méjì ni ikú mi. Àkọ́kọ́ ni ti f7 yẹn, kí n tó fi ọba pamọ́. Ìkejì ni pé mo máa la ìbẹ̀rẹ̀ já, ṣùgbọ́n páùn àárín á ti pàṣípààrọ̀ tán, ojú ọ̀nà gbogbo á ṣí sílẹ̀, ẹrù á máa fò kiri, orí mi á sì dàrú. Tí páùn bá tì pa ní àárín, mo máa ń mọ ohun tí mò ń ṣe.

Angola_Blitz | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ti f7 ná. (Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà: N ni ẹṣin, B bíṣọ́ọ̀bù, Q kúìnì, K ọba; x ni jíjẹ, + ni ṣẹ́ẹ̀kì, O-O ni fífi ọba pamọ́; lẹ́tà kékeré nìkan, páùn ni.) 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4 Nf6 4.Ng5 d5 5.exd5. Kí lẹ máa ń ta níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé Nxd5.

Òṣómàáló64 | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:11 àárọ̀

Nxd5 ni.

Angola_Blitz | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:19 àárọ̀

Ó tán 😭

6.Nxf7. Ọba yín á jẹ ẹṣin yẹn, Qf3 á fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì, á tún máa lé ẹṣin d5 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba á wá di ọlọ́pàá, á jáde lọ sí e6 láti lọ ṣọ́ ẹṣin, Nc3 á tún dé. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ kú síbẹ̀, ẹ̀rọ lè rí ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n èèyàn ẹlẹ́ran ara tí aago ń sáré lórí rẹ̀ kì í rí i.

5...Na5 lẹ máa ta. Ẹṣin yẹn á lé bíṣọ́ọ̀bù, ẹ lè pàdánù páùn kan, ṣùgbọ́n ẹrù yín á yára jáde, ẹṣin g5 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Tẹ́ ò bá fẹ́ wàhálà yẹn rárá, ẹ má ta Nf6 ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Bc5 ni kẹ́ ẹ ta. Tí ẹṣin bá tún ya wèrè dé g5, kúìnì yín wà ní d8 tó ń wò ó, ẹ jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà ẹ lè dúró sórí e5. Tí ẹ bá wá fẹ́ kí kúìnì kúrò lọ́pọ́n, Berlin ńkọ́? 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bb5 Nf6 4.O-O Nxe4 5.d4 Nd6 6.Bxc6 dxc6 7.dxe5 Nf5 8.Qxd8+ Kxd8. Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ péré, kúìnì méjèèjì ti lọ. Òun ni Kramnik gbé dí ojú ọ̀nà Kasparov ní London lọ́dún 2000. Eré 15 ni wọ́n ta, Kasparov ò rí ẹyọ kan borí nínú rẹ̀, adé bọ́.

TísàFẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Angola, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n Berlin ò sí lọ́wọ́ dúdú nìkan. Funfun ni yóò kọ́kọ́ ta Bb5. Àwọn ọmọ tó ń wo YouTube tó ń nà án yìí, Bc4 ni wọ́n mọ̀. Scotch, d4 ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ni wọ́n tún mọ̀. Ó máa kọ́ Berlin tán, kò ní í bá ẹnikẹ́ni ta á ní Òṣogbo.

Ohun kan náà ni mo ní lòdì sí Najdorf. 1.e4 c5 2.Nf3 d6 3.d4 cxd4 4.Nxd4 Nf6 5.Nc3 a6, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta á ní Lágéré, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń dé ibẹ̀? Wọ́n á ta c3 ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á ta Smith-Morra, wọ́n á fi páùn tọrẹ. Wọ́n á ta Nc3 àti f4, wọ́n á sì kó gbogbo ilé wá bá ọba rẹ. Èèyàn á ka ìwé ńlá, ojú ìwé tí kò kà ni wọ́n á bi í.

Lágéré_Najdorf | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tí wọ́n bá ta c3, Nf6 ni, e5, Nd5, ó parí, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti kọ́ ọ. Ẹ̀rù lẹ fi ń ba àwọn èèyàn lórí Sicilian. Gbogbo ìgbèjà ló ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lè gbà yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé wọ́n ò lè ta nǹkan mìíràn sí Caro-Kann ni?

Ẹ̀yin kàn fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ifẹ̀ máa ta bíi baba arúgbó ni.

Alákòóso | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:22 àárọ̀

Najdorf, ẹ rọra. Àgbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀.

TísàFẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:50 àárọ̀

Ẹ fi í sílẹ̀. Baba arúgbó náà nà án ní Sátidé tó kọjá, ibẹ̀ ló ti ń dùn ún.

ÌyáÌbejì_Mayfair | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:33 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní ọjọ́ Sátidé, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń dá a lóró. Ẹ má bínú 😂

Òṣómàáló, o ní tí páùn bá tì pa ní àárín, o máa ń mọ ohun tó ò ń ṣe. Gbólóhùn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tó o kọ, ju ti kúìnì lọ. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wo French kó tó lọ síbi kankan. Òun ni mò ń ta.

1.e4 e6 2.d4 d5. Tó bá ti e5, àárín ti tì pa, inú rẹ á dùn. Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo lo ní: d4. c5 á gbógun tì í, Nc6 á gbógun tì í, Qb6 á gbógun tì í, ẹṣin kejì á gba e7 lọ sí f5, òun náà á gbógun tì í. O ò ní í jókòó máa ronú pé “kí ni kí n ta báyìí”. Fún ìṣẹ́jú 15, ìyẹn tóbi gan-an.

Kíyè sí ibi kan o, torí gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló ti jábọ́ síbẹ̀. 3.e5 c5 4.c3 Nc6 5.Nf3 Qb6 6.Bd3 cxd4 7.cxd4. O máa rí i pé páùn d4 ti wà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹṣin àti kúìnì rẹ ló ń wò ó, ẹṣin f3 nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ á máa yún ọ. Tó o bá jẹ ẹ́ báyìí, 7...Nxd4 8.Nxd4 Qxd4, Bb5 ṣẹ́ẹ̀kì! Bíṣọ́ọ̀bù ti kúrò níwájú kúìnì funfun, kúìnì rẹ tó wà ní d4 ti lọ. Bd7 ni kó o kọ́kọ́ ta. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ṣẹ́ẹ̀kì mọ́, páùn náà á wá di ẹran jíjẹ lóòótọ́, àfi tí funfun bá dìídì fi sílẹ̀ kó lè yára kó ẹrù jáde.

Ìyà French wà ní c8. Bíṣọ́ọ̀bù yẹn, e6 ti sé e mọ́lé látìgbà tó o ti ta páùn àkọ́kọ́. Nígbà míì, eré á parí, kò ní í tíì jáde. Ẹni tí kò bá lè fara da ẹrù tó jókòó lásán, kó má ta French. Èmi lè fara dà á. Àbúrò mi ò lè ṣe é, ó gbìyànjú, inú ń bí i ṣáá, ó padà sí e5.

Nǹkan kejì: tí ẹnìkejì bá kàn jẹ d5 ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, o fi e6 jẹ ẹ́ padà, páùn á dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀mì ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè súni.

Alátúnṣe_Sábó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:08 ìrọ̀lẹ́

Èmi tí mò ń tún fóònù ṣe, ìwé wo ni mo fẹ́ ráyè kà? g6 ni mò ń ta sí gbogbo nǹkan. e4 ni o, d4 ni o, g6, Bg7, d6, Nf6, mo ti fi ọba pamọ́. Wọ́n lè fi h4 àti h5 fọ́ ilé mi nígbà míì, ṣùgbọ́n mi ò fìgbà kan ṣí ìwé rí. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé yìí kó ìnáwó bá yín.

TísàFẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:00 ìrọ̀lẹ́

Alátúnṣe, ọ̀nà tìrẹ náà dáa, ó kàn jẹ́ pé o máa gbé gbogbo àárín fún ẹnìkejì, o máa wá padà gbà á. Ó gba pé kí èèyàn lè jókòó sínú ilé tóóró kí ojú rẹ̀ má sì pọ́n. Pàápàá, ó gba pé kó mọ ìgbà tó yẹ kó ti e5 tàbí c5. Tí ìgbà yẹn bá kọjá, wọ́n á lọ̀ ọ́ pa síbẹ̀.

Ìyáàbejì, o ṣeun. Àlàyé rẹ lórí French ò ní àbùkù. Ibi tí mo yà sí ni bíṣọ́ọ̀bù c8. Òṣómàáló ní ìparí eré lòun fẹ́. Tó bá wọ ìparí eré pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù tí páùn ara rẹ̀ sé mọ́, ibi tó gbára lé gan-an ló ti máa jìyà. Caro-Kann ni mo máa fún un, ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ bíṣọ́ọ̀bù yìí lọ.

1.e4 c6 2.d4 d5. Wò ó, d5 kan náà ni, àárín lè tì pa bákan náà. Ṣùgbọ́n c6 ló ti d5 lẹ́yìn, páùn e kò tíì mira, ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù ṣí. 3.e5 Bf5, ó ti jáde. Ìgbà yẹn lo wá lè ti e6. Ó kù díẹ̀, ó dọ́gba pẹ̀lú French, àmọ́ ẹlẹ́wọ̀n ti wà níta.

Kò sí ohun ọ̀fẹ́ láyé o. Páùn c yẹn, ibi tó fẹ́ lọ gan-an ni c5. O ti dá a dúró ní c6 ná, o máa tún tì í lẹ́ẹ̀kejì, o ti fi àǹfààní ìgbà kan ṣòfò. Ẹṣin b8 náà, c6 ni ibi tó wù ú, páùn ti jókòó síbẹ̀, d7 ló máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjà tètè bẹ́, Caro-Kann máa sú u. Ìwọ tó o wá pe ara rẹ ní Òṣómàáló ńkọ́? Ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí ò ní í dìde àfi tó bá gbowó ẹ̀! Eré rẹ nìyẹn. Páùn kan péré lo fẹ́ gbà, o ò sì kánjú.

Ibi méjì ni kó o ti ṣọ́ra. Àkọ́kọ́: 3.e5 Bf5 4.h4. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn rẹ̀. Tó o bá ṣe bí ẹni pé o ò rí i, tó o ti e6, ó máa ti g4, bíṣọ́ọ̀bù á sá lọ e4, f3, á sá lọ g6, h5, kò ríbi sá sí mọ́. Ìwọ náà ti h5 kíákíá ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, tí ó bá ti g4 kò ní í rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìkejì: 3.Nc3 dxe4 4.Nxe4 Nd7. Ó dáa, àwọn àgbà ń ta á. Ṣùgbọ́n tó bá ta 5.Qe2, má ta Ngf6! Nd6, méètì, ọba kú. Ẹṣin wà ní d6, páùn e7 ìbá jẹ ẹ́, kúìnì e2 ń wo ọba láti ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè mira. Kúìnì tìẹ ní d8, bíṣọ́ọ̀bù ní f8, ẹṣin ní d7, gbogbo ará ilé ló dí ọba mọ́. Tí ìyẹn bá ń bà ọ́ lẹ́rù, 4...Bf5 ni kó o máa ta. 5.Ng3 Bg6, tó bá ti h4, o ti h6, o sùn.

Òṣómàáló64 | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 alẹ́

Nd6 yẹn! Mo tò ó sórí ọpọ́n, mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Angola_Blitz | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Tí Caro-Kann bá jù wọ́n lọ kí ìdíje tó dé, Scandinavian wà o. 1.e4 d5 2.exd5 Qxd5 3.Nc3 Qa5. Láti ibẹ̀, c6, Nf6, bíṣọ́ọ̀bù lọ f5 tàbí g4, e6. Ilé Caro-Kann náà ni wọ́n máa kọ́, àmọ́ funfun ò ráyè yan nǹkan púpọ̀, torí ìgbà kejì gan-an ni wọ́n ti fipá mú un. Lóòótọ́ kúìnì jáde láàárọ̀ kùtù, wọ́n á lé e díẹ̀. Anand gbé e jáde sí Kasparov nígbà tí wọ́n ń du adé àgbáyé ní New York lọ́dún 1995. Kasparov ló borí eré yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ló pa Anand.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ta ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Òṣómàáló64 | Ọjọ́rú, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin àbúrò. Caro-Kann ni mo mú. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí Lichess lánàá kí wọ́n tó múná lọ. Mo pàdánù méjì, ṣùgbọ́n ìparí eré ni mo kú sí báyìí, kì í ṣe f7, inú mi dùn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Tí ẹnìkejì bá ta d4 ńkọ́? Ṣé mo tún fẹ́ lọ kọ́ nǹkan mìíràn ni? Ìkejì, ẹnìkan ta 3.exd5 cxd5 4.c4 sí mi, gbogbo nǹkan wá ṣí sílẹ̀, orí mi tún dàrú.

ÌyáÌbejì_Mayfair | Ọjọ́rú, 7:15 alẹ́

Ti d4: Slav. 1.d4 d5 2.c4 c6. Páùn kan náà, ibi kan náà, o ò kọ́ nǹkan tuntun tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má mú ìgbèjà e4 lọ́tọ̀ kí wọ́n tún mú ti d4 lọ́tọ̀, bí ẹni tó ní ìyàwó méjì tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń ta French, e6 àti d5 náà ni mo fi ń dá d4 lóhùn. Alátúnṣe ń fi g6 ṣe tiẹ̀.

Àmọ́ ní Òṣogbo, o ò ní í rí c4 púpọ̀. London ni wọ́n máa ta, Bf4 ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, kódà kí ilé jó. Má ti c6 síbẹ̀. Lọ c5 tààrà: 1.d4 d5 2.Bf4 c5 3.e3 Nc6 4.c3 Qb6. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀, b2 ò ní olùṣọ́ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bó ṣe máa ṣọ́ ọ.

TísàFẹ̀yìntì | Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Ti ìkejì yẹn, Panov ni wọ́n ń pè é. Má sá. Nf6, Nc3, e6, Be7 tàbí Bb4, fi ọba pamọ́. Tó bá yá, páùn d4 rẹ̀ á dá wà láìní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fi ẹṣin dí i ní d5, ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù kéékèèké, kó o sì wá jókòó ti páùn yẹn. Ó máa fẹ́ gbé ogun wá kó tó di pé o ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ fífi ọba pamọ́, má fi falẹ̀. Wá ní Sátidé, òun ni màá ta sí ọ.

Lágéré_Najdorf | Ọjọ́rú, 9:48 alẹ́

Ó dáa, ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ Caro-Kann. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ gbàgbé láti sọ fún un, torí òun ni èmi máa ń fi pa yín.

1.e4 c6 2.Nc3 d5 3.Nf3. Kò ti d4 o. Bàbá ti kọ́ ọ pé dxe4, Nxe4, Bf5, kó o sùn. Níbí, tó o bá ta bẹ́ẹ̀, oorun ikú ni: 3...dxe4 4.Nxe4 Bf5 5.Ng3 Bg6 6.h4 h6 7.Ne5, ẹṣin ti dé e5 kí o tó rójú ta Nd7, torí kò fi ìgbà kankan ṣòfò lórí d4. Bíṣọ́ọ̀bù á sá lọ h7, Qh5 á dé, á ní kí f7 wá jẹ́jọ́. O ti padà síbi tó o ti ń sá bọ̀.

3...Bg4 ni kó o ta. Tó bá fi h3 lé e, jẹ ẹṣin f3, kúìnì á jẹ ẹ́ padà, ti e6, páùn rẹ le bí òkúta. Ó ti gba bíṣọ́ọ̀bù méjì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó máa fi wọ́n ṣe nǹkan ná.

Ní Sátidé, tí Bàbá bá ta Panov rẹ̀ tán, kó o sún síwájú mi, màá ta á sí ọ. Mo ṣì wà lórí c5 o.